Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ baba ńlá Àgùdà láti Èkó padà sí Bahia

Àgùdà ni à ń pe àwọn tó gba òmìnira lóko ẹrú ní Bràsíl, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Bahia, tí wọ́n sì padà wá sí Èkó, àti àwọn ọmọ wọn. Ẹni tó ń jẹ́ Pereira, da Silva, Cardoso tàbí Medeiros ní Èkó, tó bá fẹ́ mọ ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti wá, ohun tó sábà kọ́kọ́ ń ṣe ni pé yóò tẹ orúkọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi "Bahia" kún un, yóò sì máa retí. Ohun tó máa rí kò ní wúlò fún un. Pereira pọ̀ ní Bahia bí eṣú, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì bá a tan. Orúkọ ìdílé tí àwọn Àgùdà gbé bọ̀ kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹ̀jẹ̀. Orúkọ olówó tó ra baba ńlá lẹ́rú ni, tàbí orúkọ ìfọkànsìn bíi de Jesus, dos Santos àti da Conceição tó gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ náà sì tún máa ń yí bó ṣe ń sọdá òkun.

Àwọn èèyàn tó yí i ká ni ẹ óò fi mọ̀ ọ́n: ẹni tó rà á, ẹni tó ṣe bàbá ìsàmì rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn tí wọ́n jọ kọ́lé sí Pópó Àgùdà. Ẹ tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ óò bá a láàárín wọn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni ní Bràsíl, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó gúnlẹ̀ sí Èkó gan-an àti nǹkan bí ọdún tó dé. Ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá kàn bi í pé "Ta ni baba ńlá wa?", orúkọ kan ṣoṣo ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ béèrè ohun tí àgbà ń rántí láìfipá mú un: òpópónà wo ni ilé àkọ́kọ́ wà, Bámgbóṣé ni àbí Ìgbósẹ̀rẹ̀, Kakawá ni àbí Tòkunbọ̀? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ṣé bíríkìlà ni, káfíńtà, télọ̀ àbí oníṣòwò? Ṣé Kátólíìkì ni àbí Mùsùlùmí? Ta ni ẹ máa ń pè ní ẹbí, tí kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe tan? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹbí tí kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ bọ̀, tàbí ọmọ ẹni tí wọ́n jọ sin olówó kan náà.

Ẹ béèrè orúkọ àbísọ àwọn obìnrin ilé náà pẹ̀lú. Tí ìyá àgbà kan bá ń jẹ́ Tòkunbọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì lè dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìrìnnà òbí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àyè láti wo inú àpótí. Àwọn Àgùdà máa ń kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú sẹ́yìn ìwé àdúrà. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn gbogbo bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, láìtan iná kámẹ́rà. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó lójú iná, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya: gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ máa ń sọ bébà di pípọ́n, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ rún.

Ẹ ya bébà kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ gbogbo ọ̀nà tí ẹ ti rí orúkọ rẹ̀ sí i, bó ti wù kó burú tó: Perera, Pereira, Pereyra, da Silva, Dasilva. Tí ọdún kò bá dáni lójú, kọ ọdún méjì tó lè bọ́ sí àárín wọn. Kọ ibi tí ẹ ti rí ìwé náà síbẹ̀: ilé ìpamọ́ wo, ìwé nọ́ńbà mélòó, ojú ewé wo. Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí pé nínú ìwé àtijọ́ àwọn Potogí, iwájú ewé nìkan ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà. "Fl. 23" ni iwájú ewé kẹtàlélógún, "fl. 23v" ni ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé "v" yẹn, ẹ lè má rí ojú ewé náà mọ́ láéláé.

Àkọsílẹ̀ tó wà ní Èkó

Kì í ṣe lásán ni Yorùbá ń pe ìjọ Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà. Kí àlùfáà kankan tó wá jókòó sí Èkó, ẹnì kan tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń darí àdúrà àwọn onígbàgbọ́ tó ti Bràsíl dé. Àlùfáà Borghero bẹ Èkó wò ní 1863. Ọdún 1868 ni àwọn àlùfáà SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì kan, tó wá fìdí kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ má retí ìwé ìsàmì tó péye ní Èkó fún ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tó dé ni kí ẹ wá ní Holy Cross, kàtídírà Kátólíìkì Èkó.

Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọ náà. Ẹ dárúkọ bàbá àti ìyá, ẹ sì fún wọn ní ọdún mẹ́wàá péré láti wò. Lẹ́tà tó bá ní "gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Pereira", kò sẹ́ni tó máa rí àyè ṣe é. Èdè Látìnì ni àlùfáà ìgbà náà sábà fi ń kọ ìwé ìsàmì, nítorí náà João lè di Joannes, Tiago lè di Jacobus.

Tí wọ́n bá rí ọmọ kan, ẹ béèrè àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ mẹ́fà lè mú bàbá àti ìyá ìsàmì méjìlá jáde. Ẹ to orúkọ méjèèjìlá sílẹ̀, kí ẹ fàlà sábẹ́ èyí tó bá jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí àwọn tí ẹ fàlà sábẹ́ orúkọ wọn yìí ni ẹ óò máa wá ní Salvador, olú ìlú Bahia. Tí orúkọ baba ńlá yín bá jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀, bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ tó ṣọ̀wọ́n.

Òfin pé kí wọ́n máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ti wà ní Erékùṣù Èkó láti 1863, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò kọ ọ́. Òfin ìgbéyàwó ti 1884 wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin náà máa ń dárúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó pẹ̀lú iṣẹ́ wọn.

Ilẹ̀ ni ibi tí ẹ̀rí pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onílẹ̀ ní ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crown Grant. Ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá ni ẹ ó ti béèrè. Ẹ kọ orúkọ àwọn aládùúgbò tó wà lórí àwòrán ilẹ̀ náà sílẹ̀, nítorí ẹni tí a jọ dé la sábà máa ń kọ́lé tì. Ìwé ìhágún wà ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ìwé tí àwọn adájọ́ fi ń kọ ẹ̀rí sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1876, inú rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Àgùdà ti dúró níwájú adájọ́, tí wọ́n ń ṣàlàyé bí òbí wọn ṣe ti Bràsíl dé àti bí wọ́n ṣe rí ilẹ̀. Àmọ́ wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ tó wà ní Ìgbósẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹ́kù àti ibi tí wọ́n kó o sí. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sílé kò jóná: lẹ́tà àwọn gómìnà Èkó láti 1861 wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ní Kew, ní London, lábẹ́ nọ́ńbà CO 147. Ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ìlú kọ sí ìjọba, tí orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i wà lábẹ́ rẹ̀, máa ń bá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má gbójú lé òkúta ibojì jù. Wọ́n ti wó ibi ìsìnkú Àjẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ orúkọ àwọn èèyàn àkọ́kọ́ ló bá a lọ. Ó dunni gan-an, nítorí pé òkúta náà nìkan ni ẹ̀rí tí àwọn ìdílé kan ní.

Tí orúkọ kan bá kàn dédé pòórá lẹ́yìn 1880, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni náà pa orúkọ dà. Ní ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó ló bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent di Mọjọlá Agbébi ní 1894. Ẹni tó ń wá "Vincent" nínú ìwé ọdún 1900 kò lè rí i. Bí ẹbí yín bá sì jẹ́ Mùsùlùmí, ìwé ìsàmì Èkó kò ní ran yín lọ́wọ́. Orí ilẹ̀, ìhágún àti ẹjọ́ ni kí ẹ dúró lé. Ní Salvador, ẹ má kọ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ń ṣàmì fún ẹrú tó jẹ́ Mùsùlùmí bó fẹ́ bó kọ̀.

Kí ẹ tó sọdá òkun

Ọ̀rọ̀ mélòó kan wà tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kọjá lára baba ńlá rẹ̀ láìmọ̀. Nínú ìwé àwọn ará Bràsíl, "Onim" ni Èkó. "Ajudá" ni Ouidah. "Nagô" ni Yorùbá ní Bahia, "jeje" ni àwọn tó ń sọ Fọ̀n àti èdè tó sún mọ́ ọn, "tapa" ni Nupe. "Africano" ni ẹni tí wọ́n bí sí Áfíríkà. "Crioulo" ni ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Bràsíl. "Forro" àti "liberto" ni ẹni tó ti gba òmìnira. Ṣùgbọ́n "africano livre" yàtọ̀ pátápátá: ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń kó ẹrú wọlé lẹ́yìn tí òfin 1831 ti kà á léèwọ̀ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé ìrapadà nítorí pé lójú òfin kò di ẹrú rí. Ìwé ìjọba ni kí ẹ ti wá a.

Ẹ kọ́ ìkékúrú pẹ̀lú. "Anto" ni Antônio, "Franco" ni Francisco, "Ma" ni Maria. Oṣù ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà jù: "7bro" kì í ṣe oṣù keje, setembro ni, oṣù kẹsàn-án. "8bro" ni oṣù kẹwàá, "9bro" oṣù kọkànlá, "Xbro" oṣù kejìlá.

Ìwé ìrìnnà

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ní Salvador, ọmọ Yorùbá tó pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun sí àwọn olówó wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwa náà ni, ìmàle. Lẹ́yìn tí ìjọba ṣẹ́gun wọn, òfin ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún yẹn gbé owó orí lé àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira, ayé sì há fún wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wá ọ̀nà ilé, títí kọjá 1888 tí Bràsíl fòpin sí oko ẹrú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Àwọn ìwé náà wà ní Arquivo Público do Estado da Bahia, ní Quinta do Tanque, Salvador.

Ìlà kan nínú rẹ̀ kì í gùn: ọjọ́, orúkọ, "africano liberto", ibi tó ń lọ bíi "Costa da África" tàbí "Onim", lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tó ṣe iyebíye jù, "em sua companhia", ìyẹn àwọn tó bá a lọ. Ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọ̀dọ̀ lè wà lábẹ́ ìwé ẹnì kan. Tí ẹ kò bá rí orúkọ ìyá ńlá yín, ó lè jẹ́ abẹ́ ìwé ẹlòmíì ló wọ̀. Ẹ ka gbogbo ẹni tó gba ìwé ìrìnnà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tirẹ̀, nítorí pé àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ kan náà máa ń lọ gbà á nígbà kan náà. Ẹ wá gbé orúkọ wọn ti àwọn òbí ìsàmì tí ẹ fàlà sábẹ́ ní Èkó. Tí orúkọ méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé ara wọn, ẹ ti bá ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe kánjú lórí ọjọ́ orí. Ẹni tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀gbá kò ní ìwé ìbí. Akọ̀wé ló wò ó lójú tó kọ 40, 50 tàbí 60. Ẹ fún un ní ọdún mẹ́wàá síwá sẹ́yìn. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn oníṣòwò lọ, wọ́n tún padà. Ìwé ìrìnnà kan kì í ṣe ẹ̀rí pé ìgbà yẹn ló kó kúrò pátápátá.

Ìwé ìròyìn ìgbà náà máa ń ran èyí lọ́wọ́. Hemeroteca Digital ti Biblioteca Nacional ní Rio wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè fi ọ̀rọ̀ wá inú rẹ̀. Ẹ yan Bahia àti ọdún mẹ́wàá, kí ẹ wá orúkọ ọkọ̀ tàbí "Onim". Ẹ̀rọ kì í lè ka lẹ́tà tó ti parẹ́, nítorí náà, tí wíwá bá já sí òfo, ẹ fi ojú ara yín ka ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ ọkọ̀ tó wọlé àti èyí tó jáde ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ìwé òmìnira, ìsàmì àti ohun ìní olówó

Ẹni tó gba ìwé ìrìnnà ti gba òmìnira kó tó gbà á, nítorí náà ìwé òmìnira rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà ṣáájú. "Carta de alforria" ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń kọ ẹ̀dà rẹ̀ sínú "livro de notas" àwọn akọ̀wé òfin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ìwé ìrìnnà, kí ẹ máa padà sẹ́yìn. Ìwé náà máa ń dárúkọ olówó, ẹ̀yà ẹni náà, àti ìdí: bóyá ọ̀fẹ́ ni, bóyá ó ní àdéhùn kan nínú, tàbí owó tó san. Ẹ ka iye owó náà dáadáa, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ baba ńlá yín ló wà níbẹ̀ tí ó fi ra ara rẹ̀ padà. Àwọn kan ń kó owó jọ nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní "junta", tí ẹnikẹ́ni tó mọ èésú yóò dá mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Orúkọ olówó tó wà níbẹ̀ ni ẹ óò gbé lọ sí ẹ̀ka ilé ẹjọ́ nínú ilé ìpamọ́ kan náà. Ẹ béèrè "inventário" olówó náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Wọ́n ka àwọn ẹrú mọ́ ohun ìní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ, ẹ̀yà, ọjọ́ orí, iṣẹ́, àìsàn àti iye tí wọ́n dá lé e. Ó ń dunni láti kà á, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn tí wọ́n jọ gbé nínú ilé kan.

Ìsàmì ló kù. Ìkànnì FamilySearch ní àwòrán ìwé ìjọ Kátólíìkì Bahia. Ẹ ṣí àkáǹtì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ yan Bràsíl, Bahia, Salvador, lẹ́yìn náà ìjọ: Sé, Conceição da Praia, Santana, Pilar, Santo Antônio Além do Carmo àti àwọn yòókù. Àwọn àwòrán kan kò ní ṣí nílé, ìbùdó FamilySearch nìkan ni ẹ ti lè wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ kò ní àtòjọ orúkọ, ojú ewé sí ojú ewé ni. Ẹ ṣí àwòrán tó wà láàárín, ẹ wo ọdún rẹ̀, kí ẹ máa pín in sí méjì títí tí ẹ ó fi dé ọdún tí ẹ ń wá.

Bí ìlà ìsàmì àgbàlagbà ṣe máa ń rí nìyí: ọjọ́, "pus os santos óleos a Antonio, adulto, nação nagô, escravo de", orúkọ olówó, "foi padrinho", orúkọ bàbá ìsàmì. Antonio kò ní orúkọ ìdílé níbẹ̀. Ẹrú kì í sábà ní in. Ìgbà tó gba òmìnira ni orúkọ olówó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń wá "Antonio Pereira" nínú ìwé ìsàmì ẹrú ń wá ẹni tí kò tíì wà. Antonio ti Pereira ni kí ẹ wá.

Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé Rui Barbosa sun gbogbo ìwé oko ẹrú. Lóòótọ́ ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1890, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ṣùgbọ́n ìwé ilé iṣẹ́ ìnáwó ni àṣẹ náà kàn. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé akọ̀wé òfin, ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ọlọ́pàá ṣì wà ní Bahia.

Tó bá jẹ́ Sàró tàbí Kúbà ló ti wá

Fún Sàró, ìyẹn Sierra Leone, Freetown ni kí ẹ kọjú sí. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun, wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti ilà ara wọn sílẹ̀ láti 1808 títí di àwọn ọdún 1840. Ẹ̀dà púpọ̀ wà ní Kew nínú FO 84, ẹ sì lè wá orúkọ wọn lórí ìkànnì SlaveVoyages lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ Yorùbá ni ẹ ó wá níbẹ̀, bí etí akọ̀wé òyìnbó ṣe gbọ́ ọ: ẹ gbìyànjú "Ojoe" fún Òjò, "Tywo" fún Táíwò, kí ẹ pè é sókè kí ẹ tó sọ pé kì í ṣe òun. Ẹ má wá orúkọ òyìnbó. Àjàyí gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822. Ọdún 1825 ni wọ́n ṣàmì fún un tó di Samuel Crowther. "Aku" ni orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ìwé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, tó wà ní Yunifásítì Birmingham ni yóò gbé yín dé Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta.

Ní Kúbà, "lucumí" ni ẹ ó máa wá, ó sì sàn díẹ̀ ju "nagô" lọ nítorí pé wọ́n máa ń fi ìlú kún un: "lucumí eyó" ni Ọ̀yọ́, "lucumí egguado" ni Ẹ̀gbádò. Àwòrán ìwé ìsàmì Kúbà wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àkójọ Slave Societies ti Yunifásítì Vanderbilt.

Láti "nagô" dé ìlú gan-an

Bébà Bahia kì í sábà kọjá "nagô". Àyẹ̀wò DNA kò lè dárúkọ ìlú fún yín: baba baba baba baba baba yín kò fi ju nǹkan bí ìpín kan nínú 32 sílẹ̀ lára yín. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ni kó tutọ́ sínú ìgò náà. Ẹ má wo ìpín orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá yà. Àwọn ìbátan tó bá jáde ní Bahia ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Oríkì orílẹ̀ ni yóò ṣe ohun tí bébà kò lè ṣe. Bí ìyá àgbà bá ń kí ọmọ ilé ní Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọ̀fà ni kí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀ṣọ́ ló ń pè wọ́n, Ìkòyí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, kì í ṣe ti Èkó. Ẹ gba oríkì náà sílẹ̀ lódindi, pẹ̀lú ibi tí kò yé ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí pé ibi tí kò yé ará Èkó yẹn lè jẹ́ orúkọ àdúgbò tàbí ti odò tí ará ìlú náà yóò gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ béèrè èèwọ̀ ilé, òrìṣà ilé àti irú ilà tí àwọn àgbà kọ. Tí ẹ bá dé ìlú náà, ẹ má kọ́kọ́ sọ orúkọ tí ẹ ti ń retí fún wọn, kí wọ́n má baà kàn fi inú rere gbà fún yín. Ẹ jẹ́ kí ohùn ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láti inú fóònù, kí ẹ sì wo ẹni tó máa gbe oríkì náà.